Àmì Pupa Tó Ń Tú Àfẹ́sọ́nà Ká

"Kọ̀ǹpútà kì í parọ́ ma."

Gbólóhùn yìí nìkan ni Kingsley ń sọ látìgbà tí wọ́n ti mú un dé téṣàn Òkìtìpupa láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Kò bá ọlọ́pàá jà, kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ká apá méjèèjì sáyà, ó ń wolẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo nǹkan. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó fi kọ̀ǹpútà parọ́, òun náà ló tún ń búra pé kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Ṣe ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Judith Oyèbádé jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Ọmọ Ìkọ̀yà ni Judith, ìdí epo pupa ni ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ, inú ẹbu tí wọ́n ti ń fún epo ló ti kọ́ ìrìn. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ó ti rí olè tó ń sunkún ju ẹni tó jà lólè lọ, ó sì ti rí aláìṣẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbèjà ẹlẹ́rìí tó fẹ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, kò rí irú rẹ̀ rí. Ló bá bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì. Gbogbo téṣàn ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn: bí Judith bá ti bọ́ bàtà, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn.

Ẹjọ́ náà rèé. Ìjọ kan wà ní Àyèká, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a máa yí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Bí ẹni méjì tó jẹ́ AS bá fẹ́ra, wọ́n lè bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá ti jẹ́ AA, kò séwu. Àwọn tí ìfẹ́ bá ti bò lójú á wá lọ gba ìwé AA lọ́wọ́ oníjìbìtì, wọ́n á gbé e fún pásítọ̀, wọ́n á jó, wọ́n á yọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa gbé ọmọ sáré kiri ọsibítù. Nígbà tí wọ́n sin ìkejì nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Pásítọ̀ Tolúwalàṣẹ ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Kingsley, ọmọ ìjọ náà, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ló bá wọn kọ ìkànnì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí àfẹ́sọ́nà méjì bá ti lọ fa ẹ̀jẹ̀ nílé àyẹ̀wò Ọláìtán ní Òkìtìpupa, Ọláìtán á fi èsì ránṣẹ́ sínú ìkànnì náà tààrà, kò ní í fi hàn wọ́n. Ní ọ́fíìsì ìjọ, wọ́n á tẹ orúkọ ọkọ, wọ́n á tẹ orúkọ ìyàwó, àmì kan á sì yọ. Bí àmì bá ní àwọ̀ ewé, kí wọ́n máa kéde ìgbéyàwó lọ. Bó bá pupa, ó parí. Ìkànnì ò ní í sọ ẹ̀jẹ̀ ta ni kò bá ti ta mu, kí àwọn èèyàn má baà máa fi ẹ̀jẹ̀ ẹni bú ẹni.

Bẹ́ẹ̀ ni Lérè àti Olúwaṣìkẹ́mi, àwọn méjì tí gbogbo Àyèká ti ń dúró de ìgbéyàwó wọn, fa ẹ̀jẹ̀ tiwọn. Àmì pupa yọ. Ṣìkẹ́mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, olùkọ́ kan tó wá láti Èkìtì, kò gbà. Ó kó àwọn méjèèjì, ó di Àkúrẹ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún fi hàn pé Lérè jẹ́ AA, Ṣìkẹ́mi jẹ́ AS. Kò séwu kankan. Bàbá náà kò délé kó tó gba téṣàn lọ. Ó ní ìkànnì ìjọ parọ́ mọ́ ọmọ òun, ìkànnì ò sì lọ́wọ́ ò lẹ́sẹ̀, ẹnì kan ló rán an níṣẹ́ irọ́.

Ta ló wá ní kọ́kọ́rọ́ ìkànnì? Kingsley nìkan. Ìgbà náà làwọn èèyàn rántí pé lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Kingsley fúnra rẹ̀ fẹ́ fẹ́ Jùwọ́nlọ́lá, ọmọ Òde-Ayé, àmì pupa kan náà ló yọ fún wọn. Wọ́n túká. Ẹnu wá ń kùn ní Àyèká: ẹni tí ọ̀nà dí mọ́, òun ni kò fẹ́ kí ẹlòmíì kọjá.

Ọ̀gá téṣàn ti pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e lọ Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá sì ti dé ọ̀hún, ẹjọ́ ti di ti kóòtù, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àní bí wọ́n tiẹ̀ dá a sílẹ̀ lọ́la, ta ló tún máa gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà tú àfẹ́sọ́nà ká?

"Kingsley, ṣé ìwọ lo yí èsì Lérè?"

"Rárá ma."

"Ṣé ẹlòmíì lè wọnú ìkànnì yẹn?"

"Rárá ma. Èmi nìkan ni."

"O ò tiẹ̀ ran ara ẹ lọ́wọ́."

"Òótọ́ ni mò ń sọ ma. Bí ó bá ní pupa, pupa náà ni. Àwọn ará Àkúrẹ́ ló ṣe àṣìṣe."

Kọ́pùrù Ìdáraolúwa, ọlọ́pàábìnrin tó ń tẹ̀ lé Judith kiri, bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí Màdáámú jẹ́ kí àwọn ti ọ̀gbẹ́ni yìí mọ́lé, ó ṣáà ti bá àwọn parí iṣẹ́. Judith wọ bàtà rẹ̀ padà, ó ní kí wọ́n lọ gbé mọ́tò.

Ibi tí imú rẹ̀ kọ́kọ́ gbóòórùn sí ni ọ̀dọ̀ ìyá Lérè. Ẹnì kan tó ń gbálẹ̀ nílé àyẹ̀wò ti sọ pé òun rí Màmá Salome, ìyá Lérè, tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lọ bá Ọláìtán pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ Lérè gan-an. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Àyèká pé ìyá náà kò fẹ́ ìyàwó láti Èkìtì. Ó ti sọ ọ́ lójú agbo pé kí ni òun fẹ́ fi ìyàwó tí kò lè jẹ púpurú ṣe, ẹni tó jẹ́ pé iyán nìkan ló mọ̀.

Wọ́n bá a níbi tó ti ń to púpurú, gbágùúdá tí àwọn Ìkálẹ̀ ń fi èéfín gbẹ, sórí àjà, èéfín bò ó lójú. Judith kúnlẹ̀ kí i. Ìyá ní kó dìde, ó ní ọlọ́pàá kì í kúnlẹ̀. Judith ní ọmọ Ìkọ̀yà ló kúnlẹ̀, ọlọ́pàá ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Judith wá dárúkọ ilé àyẹ̀wò, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun kàn yà kí Ọláìtán ni.

"Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí i, Màmá? Pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo?"

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa Judith wọ inú èéfín níbi tí Ìdáraolúwa kò ti ní í gbọ́.

"Ọmọ mi, má jẹ́ kí Lérè gbọ́ o. Ṣúgà ni mo lọ yẹ̀ wò. Ó sì wà lára mi. Bí wọ́n bá gbọ́ nílé, wọ́n á gba púpurú lẹ́nu mi. Epo yẹn, mo fi bẹ Ọláìtán kó pa ẹnu mọ́ ni."

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó ńkọ́?"

"Ìyàwó wo? Èyí tí mo fẹ́ àti èyí tí mi ò fẹ́, Lérè ni yóò bá a gbé. Àbí o rò pé mo lè máa fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ṣeré? AA ni Lérè. AA ni bàbá ẹ̀, AA lèmi náà. Níbo ló ti fẹ́ rí S tí wọ́n ń wí?"

Judith ṣèlérí pé òun ò ní í sọ ọ́ fẹ́nì kankan. Ó sì rọ̀ ọ́ pé kó dín púpurú kù. Màmá Salome ní òun ti gbọ́, ó sì mú ọ̀kan fún un kó máa mú lọ sílé.

Ọláìtán náà kò fi bò nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ bínú pé wọ́n fẹ́ kí òun tú àṣírí aláìsàn. Ṣùgbọ́n Lérè àti Ṣìkẹ́mi ti fi ohùn ara wọn sọ lórí fóònù pé àwọn gbà, ó sì ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ fún Judith. Ohun tó fi ránṣẹ́ sínú ìkànnì ló wà níbẹ̀ rekete: Lérè, AA, Olúwaṣìkẹ́mi, AS. Kò yàtọ̀ sí ti Àkúrẹ́ rárá.

"Bí ẹ ṣe máa ń fi í ránṣẹ́ nìyí?" Judith bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ síwájú, ìyàwó tẹ̀ lé e. Bí Kingsley ṣe ní kí n máa ṣe é nìyẹn, bí pásítọ̀ náà ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ṣé ẹ ti gbọ́ ìkéde ìgbéyàwó tí wọ́n ti ń pe ìyàwó ṣáájú ọkọ rí?"

Ó di pé ẹ̀jẹ̀ jáde nílé àyẹ̀wò ní dáadáa, ó dé ọ́fíìsì ìjọ, ó ti di pupa. Láàárín méjèèjì, iṣẹ́ ọwọ́ Kingsley nìkan ló wà. Gbogbo ọ̀nà ti wá já sẹ́nu ọ̀nà ẹnì kan ṣoṣo. Ẹlòmíì ì bá ti padà sí téṣàn lọ di ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọkàn Judith kò balẹ̀. Òpùrọ́ a máa wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Kingsley, gbogbo ilẹ̀kùn tí èèyàn bá ṣí fún un pé kó gbà jáde, ṣe ló ń tì í.

Inú mọ́tò ni Ìdáraolúwa ti sọ ohun kan bí ẹni ń ṣeré. Ó ní ìjọ yẹn ni wọ́n ti so òun àti ọkọ òun pọ̀, ìkànnì yẹn kò tilẹ̀ fa wàhálà kankan fún àwọn. Ó ní AA lòun, AS ni ọkọ òun, kíá ni àmì ewé yọ.

Judith yíjú sí i. "Ìwọ obìnrin lo jẹ́ AA?"

"Èmi ni ma. Ẹ ò rí bí ara mi ṣe ń dán?"

Judith kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Pásítọ̀ Tolúwalàṣẹ lórí fóònù, ó bi í pé ta ni àmì pupa ti yọ fún látìgbà tí wọ́n ti ń lo ìkànnì. Pásítọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ti yọ: Kingsley àti Jùwọ́nlọ́lá, Lérè àti Ṣìkẹ́mi, àti aránṣọ kan tó ń jẹ́ Motọ́lání pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ti lọ sí Èkó. Judith gba nọ́ńbà Motọ́lání. Aránṣọ náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní AS lòun, AS ni ọkùnrin yẹn náà, òun mọ̀ dájú nítorí pé wọ́n ti ṣe é níbòmíì. Ó ní kí wọ́n bá òun kí ìkànnì náà, ó gba òun lọ́wọ́ ikú ọmọ.

Ọ̀rọ̀ wá lọ́jú pọ̀ gan-an. Ìkànnì sọ òótọ́ fún Motọ́lání. Ó sọ òótọ́ fún Ìdáraolúwa. Ó parọ́ fún Lérè. Bó bá jẹ́ pé Kingsley ló ń ba ìgbéyàwó jẹ́ nítorí ìbínú, kí ló dé tó fi jẹ́ Lérè nìkan ló rí bá jà, tó jẹ́ kí gbogbo àwọn tó kù kọjá? Lérè kò ṣẹ̀ ẹ́. Wọn ò tiẹ̀ mọ ara wọn dáadáa.

"Yí mọ́tò," Judith ní. "Òde-Ayé là ń lọ."

Ìdáraolúwa ní ọ̀gá téṣàn ń dúró dè wọ́n. Judith ní kó wa mọ́tò.

Ẹbu epo ni wọ́n ti bá Jùwọ́nlọ́lá, pẹ̀lú ìró ìdí rẹ̀ tí epo ti pa láró. Obìnrin tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Kingsley, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó tún fọ̀ ọ́. Judith ṣàlàyé ohun tí wọ́n fi kàn án. Ó bi í bóyá ìbínú wà nínú ọkùnrin yẹn lẹ́yìn tí wọ́n túká.

Jùwọ́nlọ́lá ní ìbínú kẹ̀. Ó ní ìbá dára bó bá bínú. Ó ní òun ti mọ̀ láti ilé ìwé pé AS lòun. Kingsley ní tirẹ̀, ìwé ilé ìwé rẹ̀ sọ pé AA ni. Nígbà tí àmì pupa wá yọ, òun ní kí àwọn lọ tún un ṣe níbòmíì.

"Ẹ mọ ohun tó wí ma? Ó ní ìkànnì tí òun fọwọ́ ara òun kọ, òun ò lè máa pè é lónírọ́ nítorí pé ó kan òun. Ó ní kí lòun máa wá sọ fún àwọn tó kù. Ó sunkún, ó sì lọ." Ó tún fọ ọwọ́. "Ẹni tó fẹ́ràn òótọ́ jù mí lọ, ẹ ní ó parọ́? Irọ́ ò sí lára Kingsley. Agídí ló wà níbẹ̀."

Judith bi í bó bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán sí i.

"Ẹ má jíṣẹ́ kankan fún un. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá mi sọ, ẹsẹ̀ ni kó fi wá. Kó má rán kọ̀ǹpútà."

Ó yíjú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ gbé ìkòkò kékeré kan àti igbá kan lọ sídìí iná. Ó gbé ìkòkò, ó tún na ọwọ́ sí igbá, ìkòkò fẹ́ bọ́. Ó sọ méjèèjì kalẹ̀, ó wá agbọ̀n, ó kó wọn sínú rẹ̀, ó gbé agbọ̀n.

Judith dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó bọ́ bàtà, nínú ẹrẹ̀ ẹbu yẹn gan-an. Ìdáraolúwa ń pè é, kò gbọ́. Ohùn ìyá rẹ̀ ló ń gbọ́, ní Ìkọ̀yà, láyé ọmọdé. Ìyá á ní, Judith, lọ mú ìkòkò wá, kí o mú igbá wá. Judith á sáré lọ, á sáré bọ̀, igbá nìkan ni yóò mú dé. Ìyá á wá sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ òun yìí, bí èèyàn bá sọ ohun méjì fún un, èyí tó kẹ́yìn nìkan ló máa ń bá a délé.

Èyí tó kẹ́yìn.

Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń sáré lọ sídìí mọ́tò.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé téṣàn, wọ́n ti tan mọ́tò Àkúrẹ́, wọ́n sì ti mú Kingsley dìde. Judith bẹ ọ̀gá téṣàn pé kó fún òun láyè díẹ̀. Ọ̀gá ní díẹ̀ náà ni o. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà Kingsley síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Bàbá Ṣìkẹ́mi, tó ti jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sán kó má baà di pé wọ́n yí ẹjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, sún àga rẹ̀ mọ́ wọn.

"Kingsley, nínú ohun tó o kọ, báwo ni èsì ṣe ń ti ọ̀dọ̀ Ọláìtán dé ojú ìkànnì? Sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ìyá ẹ."

Kingsley ní fọ́ńṣọ̀n kan wà níbẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní fọ́ńṣọ̀n kò yàtọ̀ sí ẹni tí èèyàn ń rán níṣẹ́. Òun ti kọ iṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́: bí wọ́n bá ti pè é, kó lọ sí ibi tí èsì Ọláìtán wà, kó mú ti ọkọ àti ti ìyàwó bọ̀. Bó bá dé, ìkànnì á bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo pé ṣé AA wà nínú ohun tó o mú bọ̀? Bó bá wà, àmì ewé. Bí kò bá sí, àmì pupa.

"Ìbéèrè yẹn dáa," Judith ní. "Ọ̀kan tó bá jẹ́ AA nínú méjì ti tó. Ìránṣẹ́ ńkọ́? Kí ló fi gbé méjèèjì?"

"Báwo ma?"

"Mo ní kí ló fi gbé e. Ṣé ó ní agbọ̀n, àbí ọwọ́ lásán?"

Kò yé Kingsley. Judith ní kò burú, kó tẹ orúkọ Lérè àti ti Ṣìkẹ́mi kí gbogbo wọn rí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Pupa. Bàbá Ṣìkẹ́mi hu ìn-ín.

"Ó dáa. Pa á rẹ́. Fi Ṣìkẹ́mi sí ipò ọkọ, kí o fi Lérè sí ipò ìyàwó."

Ìdáraolúwa fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní Màdáámú ti ń fi obìnrin fẹ́ ọkùnrin nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Kingsley náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

"A kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ma. Ọkọ ló ń ṣíwájú."

"Mo mọ̀. Ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì ewé.

Ẹni méjì kan náà ni. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ẹnu Kingsley là, kò lè pa á dé. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ṣí inú iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wá a lọ, ó ń wá a bọ̀, títí ó fi dúró lórí ìlà kan. Ó fi ìka lé e.

Ó ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ́ òun ní yunifásítì, Python, ó ní ìwà rere kan. Bí èèyàn bá ní kí fọ́ńṣọ̀n mú ohun méjì bọ̀, tó kàn to orúkọ wọn tẹ̀ léra wọn, èdè yẹn á fúnra rẹ̀ di wọ́n pọ̀ bí ẹrù kan. Ṣùgbọ́n JavaScript tí òun fi kọ ìkànnì yìí kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Fọ́ńṣọ̀n rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló lè mú bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ méjì, àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn sínú agbọ̀n, kí agbọ̀n wá jẹ́ ohun kan náà yẹn. Bí èèyàn bá to méjì sílẹ̀ láìsí agbọ̀n, á ju èyí tó ṣíwájú nù, èyí tó kẹ́yìn nìkan ni yóò mú délé. Ìwà àtijọ́ ni òun gbé wọ inú ilé tuntun.

"Kò sì ké ma. Bó bá ké pé nǹkan kù, mi ò bá ti rí i. Ó kàn mú ti ìyàwó dé, ìkànnì sì ń bi í léèrè bí ẹni pé agbọ̀n kún."

Judith wá yíjú sí ọ̀gá téṣàn. Ó ní kí wọ́n wò ó. Látìgbà tí wọ́n ti ń lo ìkànnì yẹn, ẹ̀jẹ̀ obìnrin nìkan ló ń rí, nítorí pé orúkọ obìnrin ló máa ń kẹ́yìn. Ìdáraolúwa jẹ́ AA, ó kọjá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Motọ́lání jẹ́ AS, ó ní pupa, òótọ́ sì ni nítorí pé ọkùnrin tirẹ̀ náà jẹ́ AS. Ṣìkẹ́mi jẹ́ AS, ó ní pupa, kò sì mọ̀ pé Lérè tilẹ̀ wà láyé.

Bàbá Ṣìkẹ́mi, olùkọ́ náà, béèrè ọ̀rọ̀ tó wúwo. Ó ní ṣé kò sí ẹni tí ìkànnì ti fi àmì ewé tàn, tó ti ń bí ọmọ aláìsàn kiri báyìí. Kingsley di ojú, ó ń rò ó. Judith ló dá a lóhùn. Ó ní kò sí. Ìyàwó tó bá jẹ́ AA nìkan ni àmì ewé ń yọ fún, ẹni tó bá sì ní AA nílé ti bọ́, ẹni yòówù kí ọkọ jẹ́. Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí Kingsley. Ó ní òun kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ títí irun òun fi hu funfun, òun mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó jí ìdáhùn wò àti ọmọ tó ṣì í. Ó ní òun ò bá a rojọ́ mọ́. Ọ̀gá téṣàn ní kí wọ́n pa mọ́tò Àkúrẹ́.

Kingsley ti ń tún un ṣe ní tirẹ̀. Ó fi àkámọ́ yí ohun méjèèjì ká, agbọ̀n wọn nìyẹn. Judith tún bi í pé bí ẹnì kan bá wá yí ètò padà lọ́la, tó fi ìyàwó síwájú, ṣé ìkànnì ò ní í máa pe ọkọ ní ìyàwó? Kingsley rẹ́rìn-ín díẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni. Ó wá kọ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú agbọ̀n náà, "ọkọ" mọ́ ti ọkọ, "ìyàwó" mọ́ ti ìyàwó, kó má baà sí ẹni tó máa fi ibi tí wọ́n jókòó sí mọ̀ wọ́n. Ó tẹ Lérè síwájú, ó tẹ Ṣìkẹ́mi sẹ́yìn, bí àṣà ṣe rí. Àmì ewé. Ó tẹ ti Motọ́lání àti ọkùnrin rẹ̀. Pupa, bó ṣe yẹ kó rí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni pásítọ̀ ní pupa ti yọ," Judith ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Kingsley fẹ́ béèrè pé ta ni. Ó sì rántí. Ẹ̀rín kúrò lójú Ìdáraolúwa. Ọmọkùnrin náà gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ó tẹ orúkọ ara rẹ̀. Ó tẹ Jùwọ́nlọ́lá. Ó pẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnì tó kẹ́yìn.

Àmì ewé.

Kò sunkún. Ó kàn ń wo àwọ̀ ewé yẹn bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ gé igi dí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Ó ní òun ti ní ìwé AA lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ó ní Jùwọ́nlọ́lá bẹ òun.

"Ma, ẹ ti rí i lónìí. Ṣé ẹ lè bá mi sọ fún un?"

"Ó ní mi ò gbọdọ̀ jíṣẹ́ kankan. Ó ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá òun sọ, ẹsẹ̀ ni kó fi wá, kó má rán kọ̀ǹpútà."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ń fọ ọwọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀."

Kingsley dìde. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá òun lè máa lọ. Ó gba iwájú ọ̀gá téṣàn kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò Àkúrẹ́ kọjá, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀kadà àkọ́kọ́ tó rí lójú títì. Wọ́n gbọ́ tó ń sọ fún ọlọ́kadà pé Òde-Ayé, pé kó má wo ẹ̀yìn.

Ìdáraolúwa sáré padà wọlé. Ó ní kí Màdáámú wò ó, ọ̀gbẹ́ni yẹn gbàgbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣì ń tàn yòò.

Judith ń nu ẹrẹ̀ Òde-Ayé kúrò lẹ́sẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀ kejì.

"Kò gbàgbé ẹ̀," ó ní. "Wọ́n ní kó má rán an ni."